Dókítà ní ọkàn mi ò lárùn kankan, síbẹ̀ mo ń rò pé màá kú: ta ló ti rí irú èyí rí?

Aláìsùn · Ọjọ́ Ajé, 11:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Lálẹ́ òní, mo rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ jáde, mi ò ní fojú kan oorun.

Ẹni ọdún 34 ni mí. Mi ò mu sìgá, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó kún, mò ń tẹ fóònù mi, mi ò ro nǹkan burúkú kankan, ni àyà mi bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bí ẹni tó sáré gun òkè. Ọwọ́ mi ń ta ṣọ́nṣọ́n, ètè mi kú bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, òógùn bò mí. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé gbogbo àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà dà bí àwòrán lójú mi. Mò ń rí wọn, àmọ́ ó dà bíi pé gíláàsì kan wà láàárín wa. Mo ní: "Ó parí. Ibí ni màá kú sí." Mo bẹ awakọ̀ pé kó dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi lọ, ó wá ku àárẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù.

Láti ìgbà náà, ó ti ṣe mí tó ìgbà mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sáré gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, ó dáa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n wo ti táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ dáa. Dókítà kẹta ló pè é ní panic attack, ìyẹn ìjayà òjijì, ó ní "ọkàn rẹ ò lárùn kankan, lọ sinmi." Ẹ gbọ́ ná, lọ sinmi! Báwo ni ẹni tí ikú ń lé ṣe ń sinmi? Mi ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, mi ò wọ lífítì mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo to ìlà láti sanwó ọjà, nígbà tó ku ẹni méjì kó kàn mí, mo ju ọjà sílẹ̀, mo sá jáde.

Ṣé orí mi ló fẹ́ dàrú ni? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn.


Ẹlẹ́rìn-ín · Ọjọ́ Ajé, 11:55 alẹ́

Ìwọ nìkan kọ́. Orí rẹ ò dàrú. Ó ti ṣe èmi náà, mo sì ti bọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà ni mo wà báyìí, tí mo bá délé màá kọ gbogbo rẹ̀.


Bàbá_67 · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 àárọ̀

Ọmọ mi, àníyàn àṣejù ni. Mú ọkàn rẹ kúrò níbẹ̀. Nígbà tiwa, iṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè bẹ̀rù nǹkan tí kò sí. Máa gbàdúrà, kó o sì máa tètè sùn.


Ògbólógbòó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ má bínú o, mi ò ní lè fara mọ́ ìyẹn. Ó wà nígbà tiyín, ó sì ti wà kí wọ́n tó bí yín. Ní 1871, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Jacob Da Costa, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun tó tọ́jú nígbà ogun abẹ́lé wọn. Àyà wọn ń lù, èémí wọn ń gé, òòyì ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ kò rí àrùn gúnmọ́ kan nínú ọkàn wọn. Ọmọ ogun ni wọ́n, sà, wọn kì í ṣe ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Orúkọ tá a mọ̀ ọ́n sí lónìí ni kò ní nígbà náà. Ọdún 1980 ni ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, DSM-III, ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró.

Àbúrò, ọdún kọkànlá mi rèé pẹ̀lú ẹ̀. Mo ń bọ̀ wá bá ọ lọ́sàn-án.


Nọ́ọ̀sì_Òru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, Aláìsùn. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n má gbé ẹni tí irú èyí ń ṣe wá. Ohun tí a kì í ráyè ṣe níbẹ̀ ni ká jókòó ti èèyàn ká ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é báyìí.

Ká ní ajá já jáde sí yín lójijì lójú ọ̀nà. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ti fò sẹ́yìn. Ọpọlọ ò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Ó ti ní kí ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín tú adirẹnálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn lè sáré ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró fa afẹ́fẹ́ tó pọ̀, kí òógùn tu ara. Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1915: ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Ohun tó ń ṣe yín nìyẹn, àfi pé kò sí ajá. Agogo ìkìlọ̀ dún, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ wá sọ pé: a jẹ́ pé inú mi lewu náà wà.

Ibẹ̀ ló ti ń di kókó. Ní 1986, David Clark, afìṣemọ̀rònú ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ìtumọ̀ tá a fún àyà tó ń lù ló ń sọ ọ́ di ìjayà. Àyà lù, a ní "ọkàn mi fẹ́ dákẹ́", ẹ̀rù gùn sí i, adirẹnálíìnì tún tú, àyà tún lù ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ní "mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ó ń yí po ṣáá.

Ọwọ́ tó ń ta ṣọ́nṣọ́n àti ètè tó kú ńkọ́? Mímí kíákíá ló fà á. Bá a bá ń mí ju bó ṣe yẹ lọ, kábọ́ọ̀n dáyọ́ksáídì tá à ń mí jáde máa ń pọ̀ jù, èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á kéré, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ á sì fún díẹ̀. Òòyì, ojú tó ń ṣe bàìbàì, àwọn èèyàn tó dà bí àwòrán, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ó ń ṣe yín bíi pé afẹ́fẹ́ ò tó, bẹ́ẹ̀ èyí tẹ́ ẹ ti mí ló pọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé àwọn máa dákú. Ìgbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ lèèyàn sábà máa ń dákú, nínú ìjayà ó ń gòkè ni. Àwọn tí ìríran ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù ni tiwọn yàtọ̀, ìfúnpá tiwọn lè já lójijì. Ìjayà fúnra rẹ̀ máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀, torí ara ò lè máa dún agogo yẹn lọ títí.

Mo fẹ́ kí ẹlòmíì tó ń kà á gbọ́ èyí o: Aláìsùn ti lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá tíì lọ, kó má fi ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì dá ara rẹ̀ lóhùn. Àyà tó ń dunni bí ẹni pé ẹrù jókòó lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí kéèyàn dákú ní tòótọ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ jù, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìlù ọkàn tó ṣe ségesège, kọfí àmujù, ọtí tí ẹni tó ti mọ́ lára ṣàdédé dá dúró, gbogbo wọn ló lè ṣe bí ìjayà.


Màmá_Mẹ́ta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi ní hóró diazepam kan, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, nígbà tó ń ṣe mí, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Tí kò bá sí i, ẹ mú àpò bébà, kẹ́ ẹ máa mí sínú ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́.


Nọ́ọ̀sì_Òru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:03 ọ̀sán

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mò ń bá yín jà. Ti àpò bébà, a kì í gbà á níyànjú mọ́. Bó bá jẹ́ ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn ló ń ṣe ẹni náà, tó wá lọ ń mí sínú àpò, ó lè ṣe é ní jàǹbá.

Diazepam ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó sì ń yá. Yíyá yẹn gan-an ni ìṣòro ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè mọ́ ara. Ẹni tó bá ṣàdédé dá a dúró lẹ́yìn tó ti mọ́ ọn lára, ẹ̀rù á padà dé pẹ̀lú èlé, gìrì pàápàá lè mú un. Oògùn tẹ́lòmíì ni, a kì í yá a lò.

Àwọn tí dókítà sábà máa ń kọ fún àìsàn ìjayà ni irú sertraline tàbí paroxetine. Ìyẹn kì í yá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lèèyàn fi ń retí rẹ̀, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó tilẹ̀ lè fi kún gbígbọ̀n ara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀nba kékeré. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí náà, a kì í ṣàdédé dá wọn dúró. Dókítà ló ń bá èèyàn dín in kù.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn, bóyá torí pé nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Donald Klein, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ń dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní imipramine wò lára àwọn tí ìjayà ń mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, aláìsàn kan ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan, dókítà náà sì ti fẹ́ gbà pé òfo ni. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ló sọ pé rárá o, ara rẹ̀ ti ń yá, kò sáré wá bá wa mọ́ pé òun ń kú lọ.


Ògbólógbòó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:30 ọ̀sán

Àbúrò, mo ti dé.

Ohun tó gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí mo fi yí ara mi ká. Mi ò lè jáde láìmú ìgò omi dání. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mò ń jókòó sí níbi gbogbo. Ìka mi kì í kúrò lọ́rùn mi, mò ń ka ìlù ọkàn bí ẹni tó ń ka owó. Mo fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ bíi tìẹ, mo fi ọjà sílẹ̀, mo fi ìpàdé sílẹ̀, mo fi ilé ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Ayé mi ń sún kì títí ó fi ku yàrá àti balùwẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ní ìjayà lẹ́ẹ̀kan kó sì lọ bẹ́ẹ̀. Ó di àìsàn nígbà tó bá ń padà wá láìròtẹ́lẹ̀, tí èèyàn sì lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń bẹ̀rù èyí tó ń bọ̀, tàbí tó ń yí ìrìn ara rẹ̀ padà nítorí rẹ̀. O ò rí i? Ìjayà náà kì í gbà ju wákàtí kan lọ nínú ọ̀sẹ̀ mi. Ṣíṣọ́ ọ ló ń gba ìyókù.

Obìnrin tó tọ́jú mi, ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT ló ń ṣe, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò yí èrò àti ìṣe èèyàn padà. Ní ìjókòó kẹta, ó ní kí n gorí àga tó ń yí, ó yí mi fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa sáré lójú kan. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní ọ̀pá tín-ínrín tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, ó ní kí n dí imú, kí n máa gba inú rẹ̀ mí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé obìnrin yìí ló yẹ kí wọ́n tọ́jú. Òòyì ń kọ́ mi, àyà mi ń lù, èémí ń gé, gbogbo ohun tí mo fi ọdún mẹ́fà sá fún, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á wá sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kàn ń wò mí. Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé: "Ṣé o ti kú?" Mo bú sẹ́rìn-ín, n kò mọ ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá lọ sí lífítì. Àṣẹ kan ṣoṣo ló fún mi: má jáde nígbà tí ẹ̀rù bá wà lókè téńté. Bó o bá sá jáde nígbà yẹn, ohun tí ọpọlọ rẹ máa kọ́ ni pé sísá ló yọ ọ́. Dúró, kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò dùn o, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé màá bì.


Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:11 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mímí díẹ̀díẹ̀ ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Mo máa ń mí sínú ní kíka mẹ́rin, kí n sì mí jáde ní kíka mẹ́fà. Ṣé ẹ ń sọ pé kí n fi í sílẹ̀ ni?


Ògbólógbòó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:20 ọ̀sán

Tèmi ti di ìgò omi kejì. Bí mi ò bá ti rí i kà dé mẹ́fà, ẹ̀rù á tún bà mí pé mi ò mí dáadáa.


Nọ́ọ̀sì_Òru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ibi tó o bá ti fi í sí ni. Fún àìbalẹ̀-ọkàn tó ń rọra jẹni láti àárọ̀ dalẹ́, ó dáa, máa ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lò ń fi lé ìjayà bí ẹni fi kùmọ̀ lé olè, ohun tí Ògbólógbòó sọ ló máa ṣẹlẹ̀.


Ọkọ_Rere · Ọjọ́rú, 10:10 alẹ́

Ìyàwó mi ni tèmi. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dì í mú, mo máa ń sọ pé "fara balẹ̀, fara balẹ̀", ó sì máa ń bínú sí mi. Mo ti gba gbogbo nǹkan ṣe: èmi ni mò ń lọ ọjà, èmi ni mò ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, èmi ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò sì sàn. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?


Màmá_Mẹ́ta · Ọjọ́rú, 10:52 alẹ́

Ọkọ wa, ẹ ṣeun, inú rere ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tó ti wà níbẹ̀. "Fara balẹ̀" yẹn máa ń dún létí bíi pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ má sì dì í mú láìbéèrè, èémí ti ń gé e tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọkọ tèmi wá kọ́ nígbà tó yá ni pé á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní "ó ti dé, á sì lọ, mo wà níbí", á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ.

Ti ọjà àti ilé ìwé yẹn, ẹ rọra dá a padà fún un. Ẹ má dá a padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé lónìí, ẹ dúró ní ìdajì ọ̀nà lọ́la. Bí ẹ bá ń gbà á ṣe gbogbo rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹ̀yin náà gbà pé ewu wà níta.

(Nọ́ọ̀sì, mo ti da hóró yẹn nù o.)


Bàbá_67 · Ọjọ́bọ̀, 4:35 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n bi Nọ́ọ̀sì: èyí tó ń jí èèyàn láti ojú oorun ńkọ́? Kò lá àlá kankan, àyà á kàn máa lù, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó ti tó bí oṣù méjì.


Nọ́ọ̀sì_Òru · Ọjọ́bọ̀, 8:00 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín. Ìjayà máa ń jí èèyàn lóòótọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ nígbà tí oorun fẹ́rẹ́ bá ń di oorun àsùnwọra, kì í ṣe nínú oorun tá a fi ń lá àlá, ìdí nìyẹn tí kò fi sí àlá tó lè rántí.

Àmọ́ sà, ìgbà ọ̀dọ́ tàbí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni àìsàn ìjayà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín, tí kò sì ṣe é rí tẹ́lẹ̀, mi ò ní pè é ní ìjayà kí wọ́n tó yẹ ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti mímí rẹ̀ lójú oorun wò. Kó má dúró pẹ́.


Bàbá_67 · Ọjọ́bọ̀, 8:14 àárọ̀

Ọ̀rẹ́ mi ti gbọ́. Ọ̀la ló ń lọ.


Aláìsùn · ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Mo rí afìṣemọ̀rònú kan, a ti jókòó ní ìgbà márùn-ún. Mi ò lo oògùn, a ní ká kọ́kọ́ wo èyí ná. Ní ìjókòó àkọ́kọ́ ó sọ fún mi pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èèyàn mílíọ̀nù 301 tí àìsàn àìbalẹ̀-ọkàn lóríṣiríṣi ń bá fínra ní 2019. Mi ò mọ ìdí tí iye yẹn fi pa mí lẹ́kún. Bóyá torí pé mo ti rò pé bọ́ọ̀sì yẹn, èmi nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ibùdókọ̀ méjì péré. Lánàá, mo wọ lífítì. Kó tó dé àjà kẹta, ó dé: àyà, ọwọ́, gíláàsì yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ jáde. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ògbólógbòó, mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní "lù, jẹ́ kí n rí i", àyà náà sì lù dáadáa, kò tijú mi rárá. Mo lọ sókè, mo bọ̀ wálẹ̀, mo tún lọ sókè. Obìnrin kan wọlé, ó béèrè àjà tí mò ń lọ, mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó sún sí kọ̀rọ̀ kejì. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ti sú mi, ebi ń pa mí.

Ó ṣì ń ṣe mí o. Ẹ̀ẹ̀méjì lóṣù yìí. Mi ò tíì tún dé ilé ìwòsàn.


Ògbólógbòó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:41 ọ̀sán

"Ó ti sú mi, ebi ń pa mí." Àbúrò, o ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Bàbá_67, ọ̀rẹ́ yín ńkọ́, sà?


Bàbá_67 · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:16 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ní èémí rẹ̀ máa ń dá dúró lójú oorun. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀rọ tí yóò máa fi sí imú sùn. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ìyàwó mi sùn. Ìyàwó rẹ̀, mo fẹ́ sọ.


Ẹlẹ́rìn-ín · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:09 alẹ́

Ẹ má bínú o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni.